Bí fọ́tò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mú

Ọjọ́ ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, ni mo kọ́kọ́ gbé kàmẹ́rà gidi jáde láàárín èrò. Nikon D3200 ni, tòkunbọ̀, lẹ́ńsì 18-55mm ló wà lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ńbà mm yẹn ni gígùn lẹ́ńsì, bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohun tó jìnnà ṣe ń sún mọ́ni tó. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó dé ọwọ́ mi. Mo ya ju igba fọ́tò lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà: bàbá àgbà tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ, oyin tí wọ́n fi kan ọmọ lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n mi tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pe orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fún ọmọ. Nínú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kàmẹ́rà, gbogbo rẹ̀ dùn-ún wò. Mo ń fi han àwọn èèyàn, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi pé ọwọ́ mi á máa ròkè.

Alẹ́ ni mo tó kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Mo ṣí àkọ́kọ́, mo fẹ̀ ẹ́, ojú ọmọ rí bàìbàì. Mo ṣí èkejì, bàìbàì. Ojú bàbá àgbà dà bíi pé wọ́n fi aṣọ tútù nù ún. Mo ń ṣí wọn lọ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Nínú gbogbo wọn, mẹ́sàn-án péré ló mú, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sì jẹ́ ti ìyá àgbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kì í padà di ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ mọ́. Mi ò lè ní kí wọ́n tún un kó jáde nítorí tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ò bínú, ó ní kò burú, pé mélòó la fẹ́ gbé kọ́ ògiri. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lẹ́ńsì ni mo di ẹ̀bi náà rù. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí pé lẹ́ńsì tó bá kàmẹ́rà wá kì í ṣe nǹkan gidi, pé 50mm f/1.8 ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wá. Nọ́ńbà f ni wọ́n fi ń wọn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú lẹ́ńsì: bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó. Mo tọ́jú owó fún oṣù mẹ́rin, mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta tòkunbọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: AF 50mm f/1.8D. Mo délé, mo fi í sẹ́nu kàmẹ́rà, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò mira. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò dún pínkín. Mo rò pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì.

Wọn ò lù mí ní jìbìtì, èmi ni mi ò béèrè. Lẹ́ńsì AF tó ní D lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ yẹn kò ní mọ́tò tó ń yí gíláàsì inú rẹ̀ kí fọ́tò lè mú. Ara kàmẹ́rà ni mọ́tò tó ń yí i gbọ́dọ̀ ti wá, D3200 kò sì ní mọ́tò náà. Ẹni tó bá ń lo D7000 máa fi lẹ́ńsì yẹn ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, torí ara kàmẹ́rà yẹn ní mọ́tò tirẹ̀. Fún irú tèmi, èyí tí Nikon kọ AF-S sí lára ló yẹ kí n rà, òun ló gbé mọ́tò rẹ̀ dání. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń lo Canon EOS kò mọ ìyà yìí rárá, inú lẹ́ńsì EF wọn ni mọ́tò wà. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ ra lẹ́ńsì, ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó gbé kàmẹ́rà rẹ̀ dání lọ. Kó fi lẹ́ńsì sẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, kó yà, kó fẹ̀ ẹ́ wò, kó tó yọ owó. Kó sì tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì náà, kó wò ó bóyá nǹkan bí okùn aláǹtakùn funfun ti hù nínú rẹ̀. Olú ni. Ọ̀rinrin ló ń mú un wá, bí ó bá sì ti hù, yíyọ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Bàbá kan wà ní Sápọ́n tó ti ń ya fọ́tò láti ayé fíìmù. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò ju yàrá kan lọ, fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ló kù tí wọ́n ń yà jù. Mo gbé kàmẹ́rà àti kọ̀ǹpútà lọ bá wọn, pẹ̀lú fọ́tò ìkómọ tó bàjẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Kò mú."

Wọ́n wọ jígí wọn. "Mo rí i pé kò mú. Kí ló ṣe é?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Lẹ́ńsì ni mo rò."

"Bí ara ẹnì kan ò bá yá, ṣé oògùn ibà lo máa kàn gbé fún un láìbi í léèrè ibi tó ń dùn ún? Fọ́tò tó ṣe bàìbàì, àìsàn mẹ́ta ló lè máa ṣe é. Wá wò ó."

Wọ́n ní kí n ṣí ọ̀kan, kí n fẹ̀ ẹ́. Gílóòbù iná kékeré kan wà lára ògiri lẹ́yìn àwọn èèyàn. Kì í ṣe róbótó mọ́, ó ti fà gùn lọ sí apá òsì bí ìlà. Etí àga náà fà lọ síbẹ̀, eyín bàbá àgbà náà fà lọ síbẹ̀. Bàbá ní, "Gbogbo nǹkan kò lè máa sáré lọ sí ojú kan náà nínú pálọ̀. Ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n." A ṣí òmíràn. Fìlà bàbá àgbà mú débi pé a ń rí òwú tí wọ́n fi kó iṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn tí wọ́n na sókè ń ṣàdúrà ti di èéfín. "Èyí, ọwọ́ tìrẹ dúró. Ọwọ́ tiwọn ló ń rìn." A ṣí ẹ̀kẹta. Ojú ọmọ bàìbàì, ojú ìyá rẹ̀ bàìbàì, ṣùgbọ́n àwo oyin tó wà níwájú wọn mú bí abẹ. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kàmẹ́rà rẹ ya fọ́tò tó dára gan-an níbí yìí o. Oyin ló yà."

Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ lónìí nípa fọ́tò tó mú, ara ìbéèrè tí wọ́n bi mí yẹn ló ti hù. Kí n tó dẹ́bi fún lẹ́ńsì, kí n tó ná kọ́bọ̀, mo máa ń fẹ fọ́tò náà, mo sì máa ń wá ohun tó mú nínú rẹ̀. Bí nǹkan kan bá mú níbì kan, ọwọ́ mi kọ́ ló gbọ̀n. Bí kò bá sí nǹkan kan tó mú, tí gbogbo rẹ̀ sì fà sápá kan, èmi ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá kàn rí bíi pé ìkùukùu wà níwájú rẹ̀, tí kò fà síbì kankan, mo máa ń nu lẹ́ńsì ná. Ìka ọmọ kékeré ti ba iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ jẹ́ fún mi rí.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo wo nọ́ńbà tí kàmẹ́rà kọ sára fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ọwọ́ mi ti gbọ̀n, 1/15 ni mo fi yà wọ́n, àwọn kan tiẹ̀ jẹ́ 1/10. Ìyẹn ni pé odidi ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú àáyá ni ojú kàmẹ́rà fi là sílẹ̀, ọwọ́ wo ló lè dúró gbagidi fún irú àkókò bẹ́ẹ̀? Kọ́tìnnì pálọ̀ nípọn, lẹ́ńsì 18-55mm náà kì í ṣí ju f/5.6 lọ bí èèyàn bá ti fà á dé 55mm. Kàmẹ́rà ń wá ìmọ́lẹ̀, ó ń la ojú pẹ́. Ti ìyá àgbà lẹ́bàá fèrèsé, 1/200. Àṣírí mẹ́sàn-án tó mú kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣirò tí àwọn fọtogíráfà ń lò ni pé kí shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń la ojú kàmẹ́rà, má lọ́ra ju gígùn lẹ́ńsì lọ. Lẹ́ńsì 50mm, ó kéré tán 1/50. Ṣùgbọ́n sensor, ohun tó ń gba àwòrán nínú kàmẹ́rà bíi tèmi, kéré sí fíìmù àtijọ́, a gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà náà di ìlọ́po kan àtààbọ̀. 50mm á wá di 1/80, 200mm á di 1/320 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èyí jẹ́ fún ọwọ́ tiwa nìkan o. VR tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì, ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ ló ń bá wa mú dúró, kò lè ní kí ọmọ ọlọ́mọ má mira. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, mi ò kì í lọ sísàlẹ̀ 1/125 fún un. Ẹni tó ń jó, 1/500.

Ibi tí mo ti bẹ̀rù jù ni ISO, nọ́ńbà tó ń sọ bí kàmẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó. Bó bá ṣe ga tó ni kàmẹ́rà ṣe lè yára pa ojú dé tó. Wọ́n ti sọ fún mi pé kí n má kọjá 400, pé fọ́tò á máa rí bí iyanrìn. Òótọ́ ni pé iyanrìn á wà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè bá èèyàn dín iyanrìn kù, kò sì sí ohun tó lè dá ojú tó ti fà padà sípò. Nísinsìnyí, nínú pálọ̀ tó ṣókùnkùn, mo ń lo 1600 àti 3200 láìbẹ̀rù. Mo wọ inú mẹ́nù, mo jẹ́ kí kàmẹ́rà máa yan ISO fúnra rẹ̀, mo sì pàṣẹ fún un pé kò gbọdọ̀ fi shutter lọ sísàlẹ̀ 1/125. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe é, àìsàn àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára fọ́tò mi.

Ti àwo oyin ńkọ́? Ojú mọ́kànlá ni D3200 fi ń wá focus, ìyẹn ibi tí fọ́tò á ti mú. Bí a bá fi í sílẹ̀ kó yan èyí tó wù ú, ohun tó bá sún mọ́ ọn jù ló sábà máa ń mú: àwo, ìgò, èjìká ẹni tó jókòó níwájú. Mo yí i sí ojú kan ṣoṣo, ti àárín, mo ń gbé e lé ojú èèyàn. Ojú gan-an ni mo wí, ẹyinjú. Kì í ṣe imú, kì í ṣe gèlè.

Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, Bàbá gbé kàmẹ́rà mi sójú, wọ́n tún gbé e kúrò kíá. "Ṣé o ń ríran níhìn-ín?" Mo ní mo ń rí i bó ṣe máa ń rí, bàìbàì díẹ̀. Wọ́n fi hàn mí pé kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí a ń wò náà. Wọ́n ní kí n máa wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ihò, kí n máa yí kẹ̀kẹ́ náà títí nọ́ńbà á fi mọ́ gaara. Ojú ẹni tó ni kàmẹ́rà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yí i bá mu. Mo ti lò ó fún oṣù márùn-ún pẹ̀lú ojú ẹlòmíràn! Fún lẹ́ńsì 50mm tí mo ń fọwọ́ yí, ohun kékeré yìí ló yí gbogbo nǹkan padà. Mo wá ń rí ibi tí focus wà. Àmì róbótó kékeré kan sì máa ń tàn nísàlẹ̀ níbẹ̀ bí ohun tí mo gbé ojú focus lé bá ti mú, òun ni mo ń fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìtokù ni mo ti lọ kọ́ ọwọ́ mi. Àbúrò ìyá mi ń ta àdìrẹ níbẹ̀, Màmá Ìtokù la ń pè wọ́n nílé. Aṣọ kì í mira, kì í bínú, kì í sọ pé ó ti tó. Tàbí kí n sọ pé mo rò pé kì í mira. Ọjọ́ àkọ́kọ́, orí okùn ni wọ́n sá wọn sí, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn, àìsàn kejì sì tún wọlé. Mo bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kí n na ọ̀kan mọ́ ara ògiri.

"Kí lo fẹ́ fi ya ẹyọ aṣọ kan tó báyìí?"

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Mo fẹ́ rí i bó ṣe rí gan-an ni."

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo yàn, irú èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ àrà sí pẹ̀lú láfún tí wọ́n sè, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á rí àrà funfun lórí búlúù. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí i pé funfun náà kò funfun délẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ ti sán nígbà tó gbẹ, aró ti gba ibẹ̀ wọlé, ó sì fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀, tínrín bí irun orí ọmọdé. Àwọn ìlà yẹn ni mo fi ń dá ara mi lẹ́jọ́. Bí mi ò bá rí wọn nínú fọ́tò, mi ò tíì ya àdìrẹ.

Mo lo f/1.8 lákọ̀ọ́kọ́, torí òun ni mo ṣe ra lẹ́ńsì náà. Àárín aṣọ mú díẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bàìbàì. Mo lọ sí f/4, ó sàn. Ní f/8, gbogbo rẹ̀ jáde, láti etí dé etí, àwọn ìlà irun náà pé síbẹ̀. Mo ti dán lẹ́ńsì 18-55mm wò lára aṣọ kan náà ní f/8, kí n má parọ́, bí èèyàn ò bá fẹ̀ ẹ́ gan-an, kò ní mọ ìyàtọ̀. Lẹ́ńsì tí mo ti ń bú láti oṣù mélòó kan wá! Mo fi kàmẹ́rà lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo tan Live View, mo fẹ ojú aṣọ náà nínú gíláàsì ẹ̀yìn kí n tó fọwọ́ yí focus, mo sì jẹ́ kí kàmẹ́rà ka ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó yà, kí ìka mi tó tẹ̀ ẹ́ má baà mì ín. Bí lẹ́ńsì bá ní VR, lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mo máa ń pa á.

Lẹ́yìn aṣọ, mo ya Màmá fúnra wọn. Mo wà ní nǹkan bíi mítà kan sí wọn, f/1.8. Ojú òsì wọn mú débi pé mo ń rí ara mi nínú ẹyinjú wọn. Ojú ọ̀tún rí bàìbàì. Wọ́n kàn yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ni. Níbi tí mo dúró sí yẹn, ohun tó lè mú ní f/1.8 kò nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, ojú ọ̀tún sì ti jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Bí mo bá mí sínú, tí mo fì síwájú díẹ̀, focus ti kúrò lójú, ó ti dé etí. Mo sún sẹ́yìn ní ìdajì mítà, mo lọ sí f/4, ojú méjèèjì wọlé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo rò pé owó ńlá tí mo fi ra f/1.8, dandan ni kí n máa lò ó ní f/1.8.

Òdìkejì rẹ̀ ni mo ṣe lórí Òkúta Olúmọ. Mo ti gbọ́ pé bí ihò lẹ́ńsì bá ṣe kéré tó ni gbogbo nǹkan ṣe ń mú tó, mo bá lọ fi f/22 ya gbogbo ìlú látòkè: àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, odò Ògùn lọ́hùn-ún. Ó rí bàìbàì ju ti f/8 lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò tó kéré jù kọjá máa ń fọ́n ká, gbogbo nǹkan á wá rọ̀. F/8 tàbí f/11 ti tó fún mi níbẹ̀. Oṣù kìíní ni mo sì lọ, ọyẹ́ ti bo ìlú, kò sí lẹ́ńsì náà láyé yìí tó lè la eruku yẹn kọjá. Mo padà lọ nínú oṣù kẹsàn-án, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá, mo ń rí fèrèsé ilé tó jìnnà. Lábẹ́ àpáta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun kí wọ́n tó tẹ ìlú yìí dó ní 1830, òkùnkùn wà, èèyàn á sì tẹ̀ ba. Mi ò gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dání. Mo fi ẹ̀yìn ti àpáta, mo fún ìgúnpá méjèèjì mọ́ ìhà, ọwọ́ òsì gbé lẹ́ńsì lábẹ́, mo mí jáde tán kí n tó tẹ̀ ẹ́, ISO 1600. Ó mú. Àpáta tó gba àwọn baba wa dúró gba èmi náà dúró.

Ní gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣọ́ra. Mo jáde láti inú òtútù síta níbi ìgbéyàwó kan ní Kútọ̀, oòrùn àárọ̀ lẹ́yìn òjò, lẹ́ńsì mi bo fún omi lójú ẹsẹ̀, ìyàwó ti wọ mọ́tò kó tó gbẹ. Nísinsìnyí, inú báàgì tí mo fa síìpù rẹ̀ ni kàmẹ́rà máa wà bí mo bá ń jáde, títí á fi móoru díẹ̀. Gíláàsì ààbò pọ́ọ́kú tí mo dè mọ́ ẹnu lẹ́ńsì, mo ti tú u, gbogbo iná ló ń sọ di méjì.

Oníbàárà kan wá pè mí pẹ̀lú ìbínú pé fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ kò mú. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi, ó mú. Mo lọ sílé wọn, mo wò ó lórí fóònù wọn, lóòótọ́ kò mú. WhatsApp ti fún un pọ̀ lójú ọ̀nà. Láti ìgbà yẹn, bí document ni mo ń fi fọ́tò ránṣẹ́, kó lè dé bó ṣe kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà o, mi ò bá wọn jiyàn, torí ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá Ìtokù ní kí n wá ya ọjà tuntun fún wọn, kí wọ́n lè fi han àwọn oníbàárà tó wà l'Ékòó. Bùbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti rán, mo yà á ní f/8 lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Wọ́n fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́, wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá gbé bùbá náà gan-an sójú, wọ́n wo abẹ́ ọrùn rẹ̀.

"Wò ó, okùn ti já níbí yìí. Mi ò rí i láti àárọ̀."

Wọ́n na ọwọ́ mú abẹ́rẹ́.